Ìtàkùn Kan Lójú Fèrèsé Ọmọ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní Agbowó, Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí lè kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Àwọn ọmọ wa kò ní ohun ẹlẹ́mìí kankan tó wà ní ìkáwọ́ wọn. Àwa òbí wọn, pàápàá àwa tí a dàgbà ní abúlé tàbí nínú agbo ilé Ìbàdàn àtijọ́, wọ́n fi nǹkan lé wa lọ́wọ́. Ẹnìkan ní adìẹ tí yóò ṣí sílẹ̀ láàárọ̀, tí yóò kó wọlé lálẹ́. Ẹlòmíràn ní ewúrẹ́ tí yóò já ewé fún. Ẹlòmíràn ní ebè ilá méjì lẹ́yìnkùlé. Bí adìẹ bá sọnù, ìyá kọ́ ni yóò wá a. Bí ilá bá gbó mọ́ igi, gbogbo ilé ló mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa ní ohun tí ìtọ́jú ń jẹ́. Iṣẹ́ náà ló kọ́ wa.

Agbowó òde òní kò gba ewúrẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 ti fa èrò wá sí àdúgbò yìí, òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò, ilé sì ti gba ilẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, àwọn mìíràn ń gbé fúláàtì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí sìmẹ́ńtì ti bo ọgbà ilé láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn kíṣìnnì. Ọmọ jí, ó wẹ̀, ó jẹun, ó lọ síléèwé, ó dé, ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó di ìdí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Lóòótọ́, à ń rán an níṣẹ́. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi. Ṣùgbọ́n abọ́ kì í kú bí a kò bá fọ̀ ọ́. Ìyá yóò pariwo, ẹ̀gbọ́n yóò bá a fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ohun tí ọmọ ń rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí òun bá gbàgbé, ẹlòmíràn yóò rántí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí a fún ọmọ tó bá ti pé ọdún méje sókè ní ewéko kan nínú ilé, lójú fèrèsé, kí ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Kí ó jẹ́ ìtàkùn, nítorí ìtàkùn kò béèrè ilẹ̀ púpọ̀, òkè ló ń gbà lọ, ojú ọmọ sì ń rí ìrìn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Kí ó jẹ́ èyí tí ń tanná, kí ọmọ lè rí èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí ó sì jẹ́ èyí tí kì í tanná nínú ilé bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀kan wà tó pé gbogbo rẹ̀, inú igbó ilẹ̀ tiwa náà ni wọ́n sì ti mú un.

Clerodendrum thomsoniae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Bí ẹ bá dárúkọ yìí fún àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, wọ́n lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn: ìtàkùn tí òdòdó rẹ̀ dà bí àpò funfun kékeré, tí nǹkan pupa wá yọ lẹ́nu àpò náà. Láti Kamẹrúùnù títí dé Sẹ̀nẹ̀gà ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀, nínú igbó ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ajíhìnrere Presbyterian láti Scotland dé Kàlàbá ní 1846. Nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà ni William Cooper Thomson wà. Ní 1862, John Hutton Balfour, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ewéko ní Edinburgh, tó tún jẹ́ alákòóso ọgbà ewéko ìlú náà, kọ̀wé nípa ìtàkùn yìí, ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Thomson ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi sọrí ìyàwó àkọ́fẹ́ òun tó ti di olóògbé. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ obìnrin náà ti wà lára ewéko ilẹ̀ wa.

Àwọn òyìnbó gbé ìtàkùn yìí gẹ̀gẹ̀. Nínú ilé gíláàsì ni wọ́n ń gbìn ín sí, níbi tí wọ́n ti ń mú kí ooru wà fún un, nítorí òtútù tó bá ti lọ sílẹ̀ ju 10°C lọ kò bá a lára mu. Royal Horticultural Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi àmì ẹ̀yẹ Award of Garden Merit dá a lọ́lá. Ó ń dùn mí pé nígbà tí àwa náà bá rí i lójú fèrèsé ẹnìkan ní Bódìjà, a ó ní òdòdó òyìnbó ni. Ọmọ tó bá ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ewé màrúgbó tí àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ fi ń se ọbẹ̀ dúdú, ìdílé kan náà ni wọ́n: Clerodendrum volubile ni tiẹ̀, òun náà sì ń fà. Ọmọ tó ti jẹ ọbẹ̀ màrúgbó rí yóò tún fi ojú mìíràn wo ìkòkò òdòdó rẹ̀.

Òdòdó náà tó ohun tí ọmọ lè jókòó tì. Ó ń so jọ ní ìdì, mẹ́jọ sí ogún lórí ìdì kan. Àpò funfun ló kọ́kọ́ ń yọ, ó ní igun márùn-ún, ó sì pa ẹnu dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, pupa fòò yóò yọ jáde láàárín rẹ̀, àwọn irun gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ru àtíkè òdòdó yóò sì na jáde gbọọrọ. Ẹ sọ fún ọmọ kí ó wo àwọn irun yìí dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó ru àtíkè ló máa ń nà síwájú, nígbà tí ọ̀pá kan ṣoṣo tó yẹ kó gba àtíkè tẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá yá, àwọn tó ru àtíkè yóò ká kò, ọ̀pá yẹn yóò wá dìde síwájú. Bí òdòdó náà ṣe ń yẹra fún àtíkè ara rẹ̀ nìyẹn, kí ó lè gba ti òdòdó mìíràn. Bí pupa bá já bọ́, àpò funfun kò ní bá a lọ. Yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, yóò máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí àwọ̀ àlùkò. Ọmọ tó bá ń fi ojú ara rẹ̀ rí irú èyí kò ní ṣàìbéèrè ìbéèrè, ẹ sì jẹ́ kí ó béèrè.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ilé wa báyìí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣòro jù ní Agbowó. Ilé súnmọ́ ilé, fèrèsé ẹnìkan kọjú sí ògiri ẹlòmíràn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tún bo ojú rẹ̀, eruku sì ti mú nẹ́ẹ̀tì dúdú. Ìtàkùn yìí lè máa yọ ewé níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti tó, ewé rẹ̀ yóò tilẹ̀ dára, yóò gùn tó ìka mẹ́rin tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ní tanná. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù fún un, kí oòrùn àárọ̀ lè bà á fún wákàtí mélòó kan, kí ti ọ̀sán má jó ewé rẹ̀. Bí kò bá sí, fàráńdà tàbí ẹnu ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé yóò ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá ibẹ̀. Ẹ ní kí ó rìn yí ilé ká láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́, kí ó wá sọ fún yín ibi tí oòrùn ń wọ̀ àti ìgbà tó ń kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti gbé ilé kan fún ọdún márùn-ún láìmọ apá ibi tí oòrùn ti ń yọ sí i. Kí ó sì fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé náà, nítorí pé kò sí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè wọlé tí eruku bá dí i.

Ní ti ìkòkò, kò sí ohun tí a fẹ́ fi owó ra. Ike ọ̀dà tó ti ṣófo dára púpọ̀. Àgbà ni kí ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin-márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi lè máa jò jáde. Ilẹ̀dú, iyanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ pò pọ̀, kí ilẹ̀dú pọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìgbẹ́ adìẹ tútù yóò jó gbòǹgbò, nítorí náà kí ọmọ jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó lò ó. Kí ike náà má tóbi jù. Bí àyè bá gba gbòǹgbò jù, ìtàkùn yóò máa wá ilẹ̀ kiri, ewé ni yóò máa sáré yọ, òdòdó yóò di ìgbà mìíràn.

Ibi tí àwa òbí ti ń ṣe àṣejù ni omi. A gbin ewéko fún ọmọ tán, a wá ń bá a bomi rin ín nígbà tó bá sùn. Ìyá bu omi sí i láàárọ̀, bàbá bu sí i nírọ̀lẹ́, ọmọ pẹ̀lú bu tirẹ̀ nígbà tó ti iléèwé dé. Gbòǹgbò rà, ewé ń wọ́, a tún ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, a tún bu omi sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo máa bomi rin ín, kí ó sì jẹ́ ọmọ yẹn. Ìka ni yóò fi mọ̀. Kí ó ki ìka bọ inú ilẹ̀ náà dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ó bá tutù níbẹ̀, kí ó fi sílẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, kí ó bomi sí i títí tí yóò fi jò nísàlẹ̀. Bí ó bá gbàgbé, ewé yóò rọ̀ sílẹ̀, yóò rí i fúnra rẹ̀. Ẹ má sáré gbé kọ́ọ̀pù omi. Ẹ pè é, ẹ jẹ́ kó wò ó, ẹ má sọ̀rọ̀. Ewé tó rọ̀ lọ́jọ́ kan yóò tún dìde bí ó bá rí omi mu, ọmọ yóò sì ti mọ ohun tí ó gbàgbé.

Mo mọ̀ pé ó nira fún wa láti dúró wò. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé òbí dáadáa ni ẹni tí kì í jẹ́ kí nǹkan kan bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tí wọ́n ti ilé irú òbí bẹ́ẹ̀ wọ yunifásítì, tí wọ́n ń gbé họ́sítẹ́lì ní Agbowó yìí gan-an. Àwa tí à ń gbé láàárín wọn ń rí wọn. Òmíràn kò mọ̀ pé ìrẹsì ń jóná bí a kò bá dúró tì í. Òmíràn ń ṣàìsàn, kò mọ ẹni tí yóò sọ fún. Àwọn bàbá wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìtọ́jú pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́, ọmọ kì í sì í rí i kọ́ níbi tí a bá ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún un.

Níbi tí ìtàkùn yìí ti jẹ́ olùkọ́ jù ni ìgbà tí ó bá ń fà tí kò tanná. Bí ilẹ̀ bá bá a lára mu, ó lè gùn tó mítà mẹ́rin. Yóò gun okùn tí a so fún un, yóò dé irin ojú fèrèsé, yóò wé mọ́ ọn, yóò kọjá sórí kọ́tìnnì. Inú ọmọ yóò dùn, inú àwọn àlejò yóò dùn, ṣùgbọ́n òdòdó kò sí. Ìdí mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Mo ti sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀. Èkejì ni ajílẹ̀ àpọ̀jù. Ìgbẹ́ adìẹ àti àwọn ajílẹ̀ tí náítírójìn pọ̀ nínú wọn, ewé ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó ń ran òdòdó lọ́wọ́ ni pòtásíọ̀mù, ó sì wà nínú eérú igi tí a fi dáná. Ṣíbí kékeré kan tí a wọ́n sójú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì bomi lé, ti tó. Bí eérú bá pọ̀ jù, yóò ba ilẹ̀ náà jẹ́. Ẹni tó bá ń fi gáàsì dáná lè lọ tọrọ eérú lọ́dọ̀ ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì tàbí tó ń fi igi se oúnjẹ tà. Kò sí àdúgbò tí irú wọn kò sí.

Ìdí kẹta ni pé a kì í rẹ́ ẹ. Lórí ẹ̀ka tuntun ni ìtàkùn yìí ti ń tanná. Ẹ̀ka tó ti gbó, tó ti tanná tán, kò fi bẹ́ẹ̀ ní òdòdó tuntun láti fúnni. Nítorí náà, lẹ́yìn tí àpò òdòdó bá ti gbẹ tán, kí a gé e, kí a gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kúrò, àní ó lè tó ìlàjì. Nílẹ̀ wa níbí, ìparí ọyẹ́, nínú oṣù Febúárì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni àsìkò tó dára jù. Omijé máa ń bọ́ lójú ọmọ níbi yìí. Ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù wo ìtàkùn rẹ̀ bó ṣe ń gùn, ó ti máa ń fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó ti dé òkè fèrèsé, ẹ wá ní kí ó mú sísọ́ọ̀sì. Ẹ má fi ipá mú un, ẹ má sì gé e lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá lọ síléèwé, nítorí ìyẹn yóò ba gbogbo ohun tí ẹ ti ń kọ́ ọ jẹ́. Ẹ ṣàlàyé fún un. Bí kò bá gbà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọdún yẹn. Nígbà tí ó bá rí i pé ewé nìkan ni ọdún náà mú wá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá sísọ́ọ̀sì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún kan kò pọ̀ jù láti fi kọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí mo rò pé ọ̀pọ̀ yín kò ní gbà. Ẹ má fi ewéko náà wàásù fún ọmọ. Mo ti gbọ́ òbí tó dúró ti ìkòkò òdòdó, tó ń sọ pé: "Ṣé o rí i, bí wọ́n ṣe ń gé ìtàkùn ni èmi náà ṣe ń nà ọ́." Ọmọ náà kò tún fẹ́ràn ewéko yẹn mọ́. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kò nílò òwe lákòókò yẹn. Ó nílò ẹni tí yóò fi ibi tí yóò gé hàn án: lókè ojú ewé, díẹ̀ sí i, kí ẹnu sísọ́ọ̀sì mú, kí gígé náà má ya. Kí àgbà dúró tì í títí yóò fi ṣe é tán.

Ìsinmi náà wà. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ìgbà òtútù ni wọ́n ń fún un ní ìsinmi, tí wọ́n ń dín omi rẹ̀ kù. Níbí, ọyẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Láti Dìsẹ́ńbà títí dé Febúárì, kí omi dín kù, kí ajílẹ̀ dúró pátápátá, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ má gbẹ fáú. Ewé kan lè já, èyí tó kù lè rẹ̀ dànù díẹ̀. Àwọn àgbà ilé yóò ní ó ti kú, ẹ gbé e dànù. Kí ọmọ fi èékánná ha ara igi náà díẹ̀. Bí ó bá tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ èèpo, ó wà láàyè. Nígbà tí gbogbo ilé bá ń sọ pé ó ti kú, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ dúró pé kò kú, tó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí òjò bá dé ní oṣù Mááṣì tàbí Épúrù, tí ẹ̀ka tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, yóò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun lè jẹ́ òótọ́ láàárín àgbà.

A kò ní gbàgbé pé ilé onílé ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Kí ọmọ tó so okùn mọ́ irin fèrèsé tàbí mọ́ òpó fàráńdà, kí ó bá yín lọ kí bàbá onílé. Kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gbin òdòdó, mo fẹ́ so okùn síbẹ̀." Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má bá a sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ ń gbé, omi tó ń jò láti ìdí ike lè kán sórí aṣọ tí àwọn ará ìsàlẹ̀ sá. Lọ́jọ́ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ọmọ ni yóò sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀, tí yóò sì bá wọn ṣan aṣọ náà. Mo gbà pé lára ohun tó dára jù tí ìtàkùn yìí lè ṣe fún ọmọ ni pé ó fún un ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí yóò bá àgbà sọ.

Àwo tí a bá fi gba omi sábẹ́ ike, kí ó máa dà á nù lójoojúmọ́. Omi tó bá dúró síbẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ ó sì rí tanwíjí tí ń jó nínú rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Kòkòrò funfun tó dà bí òwú lè bà sí abẹ́ ewé. Omi ọṣẹ díẹ̀ àti àkísà rírọ̀ ni kí ọmọ fi nù ún. Ẹ kọ́ àwọn kékeré inú ilé pé a kì í fi ewé òdòdó kankan sẹ́nu. Ẹni tó ní money plant nílé, ẹ gbé ìyẹn sókè ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé dé lọ, nítorí nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́, tó ń gún ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Mo mọ̀ pé òun ló wọ́pọ̀ jù ní pálọ̀ wa àti lórí tábìlì ọ́fíìsì, ó sì rọrùn láti tọ́jú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í tanná fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ara rẹ̀ kò lè pèsè gibberellin, èròjà tí yóò mú un tanná. Ọmọ tó bá ń dúró de òdòdó lára rẹ̀ yóò dúró títí.

Bí ìtàkùn ọmọ bá ti lágbára, àwọn ẹ̀ka tó gé ní Febúárì kò yẹ kó lọ sí ààtàn. Èyí tó gùn tó ìka ọwọ́ àgbà, tó ní ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta, ni kí ó gbìn sínú iyanrìn tó tutù díẹ̀, kí ó já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ó wá fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a ti fọ̀ bo orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbẹ ẹ́. Kí ó gbé e sí abẹ́ òjìji. Ó lè gba oṣù kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ kí gbòǹgbò tó mú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò yè, kí ọmọ gbìn mẹ́fà bí ó bá ń wá méjì. Èyí tó bá yè, kí ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó fún olùkọ́ rẹ̀, kí ó fún ìyá àgbà ní ilé kejì tó ń dá gbé. Ẹ má jẹ́ kí ó tà á. Bí ó bá ti mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, owó ni yóò máa tọ́jú.

Ẹ tún máa mú wọn jáde. A ń gbé níwájú géètì Yunifásítì tó ní ọgbà ewéko tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Agbowó kò sì tíì wọ ibẹ̀ rí. Ní òkè Jẹ́ríkò, ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, tí a mọ̀ sí FRIN lónìí, wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ láti gbogbo igbó Nàìjíríà, wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́ orí ìwé, wọ́n sì kọ orúkọ àti ibi tí wọ́n ti já wọn sára wọn. Igbó IITA lọ́nà Mọ́níyà tún wà, níbi tí ìtàkùn gidi ti ń gun igi gidi. Ẹ kọ̀wé ṣáájú, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè gbà yín láyè, ẹ kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ, kí ó má jẹ́ ti ẹnìkan. Ọmọ tó ti tọ́jú ìtàkùn kan lójú fèrèsé yóò mọ ohun tí yóò wò níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò fún ọmọ yín ní máàkì nítorí èyí, kò sí ìdánwò tí yóò béèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó bá gbìn ín títí di ọjọ́ tí òdòdó àkọ́kọ́ yóò yọ lè tó ọdún kan, àwọn mìíràn á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìtàkùn náà bá kú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í bóyá yóò tún gbin òmíràn. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bá a wá ẹ̀ka. Bí ó bá ní rárá, ẹ fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé. Bí ẹ bá mọ ilé kan ládùúgbò tó ní ìtàkùn yìí, ẹ mú ọmọ yín dání lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó kó àwọn ẹ̀ka tí wọ́n gé dànù, ẹ sì jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ.